Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀: bí ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òṣogbo ṣe kúrò nínú Excel

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mò ń sọ yìí ní ọ́fíìsì lágbègbè Olónkòró, ní Òṣogbo. Ọmọ ẹgbẹ́ lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀ta: tíṣà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sí Abéré láràárọ̀ wà níbẹ̀, aláta àti aláṣọ ọjà Ìgbọ́nà, àwọn aláàdìrẹ, pẹ̀lú awakọ̀ mélòó kan. Oṣooṣù ni kálukú ń dá owó tirẹ̀, ní Sátidé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó lè gba ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, bó bá ti mú onídùúró méjì wá nínú ẹgbẹ́. Owó kò sọnù lọ́wọ́ wọn rí. Ìwé wọn ni kò bára mu.

Ibi mẹ́ta ni àkọsílẹ̀ owó náà wà. Lẹ́jà ńláńlá wà, tí Màmá akápò fi ń kọ owó láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Fáìlì Excel kan wà tí akọ̀wé ń tọ́jú láti ọdún 2016. Pásíbúùkù sì wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí òun àti akápò jọ máa ń fọwọ́ sí nígbàkígbà tó bá mú owó wá. Ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sọ ohun kan náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá bá wọn kó o sínú ètò kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n rà, èrò wọn ni pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Bàbá alága tilẹ̀ bi mí pé ṣé fláàṣì kan kò ní lè gbé e ni.

Ohun méjì ló lé wọn débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé ń múra àtifẹ̀yìntì, òun nìkan ló sì mọ èdè tí fáìlì rẹ̀ ń sọ. Ìlà tó bá kùn ní yẹ́lò, ẹni náà ti jẹ gbèsè kọjá oṣù mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pupa, olówó ti kú. Àwọ̀ ewé ni ti ẹni tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tí kò tíì wá gba owó rẹ̀. Kò kọ èyí síbì kankan, inú orí rẹ̀ ló wà. Bẹ́ẹ̀, tí èèyàn bá sọ fáìlì Excel di CSV, èyí tí ọ̀pọ̀ ètò fi ń gba dátà wọlé, ọ̀rọ̀ àti òǹkà nìkan ló ń kọjá. Àwọ̀ kì í kọjá. Gbogbo òkú inú ẹgbẹ́ ì bá jí pátá, kí ètò tuntun sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè owó oṣù lọ́wọ́ wọn.

Ìdí kejì wà nínú irú fáìlì tó ń lò. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ ní Excel 2003 lórí, kò sì sẹ́ni tó yí i padà, nítorí náà .xls ni fáìlì náà. Ìlà 65,536 ni abala kan lè gbà nínú .xls, kò lè fi ẹyọ kan lé e. Èyí tó dé pẹ̀lú Excel 2007, ìyẹn .xlsx, ló ń gba 1,048,576. Ọmọ ẹgbẹ́ 600 tó ń dá owó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìlà 7,200 ni lọ́dún, ká má tíì ka owó tí wọ́n ń yá àti èyí tí wọ́n ń dá padà. Tí a bá wá ka ìwọ̀nyẹn mọ́ ọn, kó tó pé ọdún mẹ́sàn-án, abala náà ti kún dẹ́nu. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí irú rẹ̀ nígbà Kòrónà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù October 2020, wọ́n kéde pé èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò wọ inú òǹkà ojoojúmọ́ wọn, torí fáìlì .xls tí wọ́n fi ń kó èsì jọ ti kún, ìyókù sì ń dà nù láìsí ẹni tó mọ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó yí fáìlì náà sísàlẹ̀ títí ó fi dé ìlà tó kẹ́yìn, ó wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jẹun ọ̀sán.

Ta lọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ṣẹ?

Ìpàdé àkọ́kọ́ kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé kalẹ̀: bí lẹ́jà bá ní ẹnìkan ní ₦45,000, tí Excel ní ₦54,000 ni, tí pásíbúùkù ọwọ́ rẹ̀ sì ń wí pé ₦45,500, èwo la máa kó lọ? Akọ̀wé ní Excel ni, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe ìròyìn ọdọọdún. Màmá akápò ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ lẹ́jà. N kì í kọ owó tí n kò kà." Ohùn ń ròkè. Bàbá alága wá kọjú sí mi: "Ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà, kí lo rí sí i?"

Mi ò rí nǹkan kan sí i, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ kíkó dátà ti ń bàjẹ́ nìyẹn: kí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà máa dájọ́ ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tó rọrùn fún ẹ̀rọ láti kà ló máa yàn, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ títí ìjà yóò fi dé. Olówó àti àwọn tí olówó yàn ló ni ẹjọ́ yẹn. Ìgbìmọ̀ jókòó tì í dáadáa kí wọ́n tó fẹnu kò pé ibi tí ọwọ́ méjì bá ti pàdé ló lágbára jù. Pásíbúùkù tí akápò àti ọmọ ẹgbẹ́ jọ fọwọ́ sí ló ṣíwájú, rìsíìtì tẹ̀lé e, lẹ́jà tẹ̀lé rìsíìtì, Excel ló wá kẹ́yìn. Inú akọ̀wé kò dùn sí i, ṣùgbọ́n òun náà ló kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, gbogbo wọn sì buwọ́ lù ú. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà kankan nínú iṣẹ́ yìí tó wúlò fún wa tó ojú ewé kan yẹn.

Lẹ́yìn náà la jíròrò ohun tí a máa kó. Àwọn kan fẹ́ kí gbogbo owó tí wọ́n ti dá láti 2016 wọ inú ètò tuntun. Mo lòdì sí i, torí ìlà tí èèyàn bá kó ni yóò yẹ̀ wò, ìlà tí kò bá sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò yẹ kó kọjá. A gbà pé orúkọ àti àlàyé ọmọ ẹgbẹ́ yóò kọjá, iye tí kálukú ní nílẹ̀ ní ìparí oṣù tí a bá yàn yóò kọjá, gbogbo gbèsè tó ṣì wà láàyè yóò sì kọjá pẹ̀lú ìtàn bí wọ́n ṣe ń san án látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó kù, kó dúró sínú lẹ́jà àti nínú ẹ̀dà Excel tí a máa tì pa. Bí ọ́dítọ̀ bá fẹ́ rí i, yóò rí i níbẹ̀.

Yíyan oṣù ní wàhálà tirẹ̀. Oṣù August kò ṣeé ṣe: ọdún Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, àlejò kún ìlú, ọ̀nà Ọjà Ọba kì í gba ẹsẹ̀, ìdajì ìgbìmọ̀ ló sì ní àlejò nílé. September ni wọ́n ń yáwó ilé-ìwé. December ni gbogbo ayé ń gba owó, tí wọ́n tún ń pín èrè. A mú ìparí October 2024, a sì fi ìparí November sí ìpamọ́ bí ti àkọ́kọ́ bá kọ̀. Àsìkò náà kò bára dé fún orúkọ wa. Ní September àti October yẹn gan-an ni àwọn báǹkì mélòó kan ní Nàìjíríà ń pààrọ̀ ètò wọn, tí owó ń há sọ́nà, tí àwọn ẹlòmíràn kò sì rí àkáǹtì wọn ṣí lórí fóònù. Ẹnu ọ̀nà ni Màmá akápò ti pàdé mi: "Ọmọ mi, ṣé irú ti báǹkì lẹ fẹ́ ṣe fún wa?"

Ó tún ku ohun kan tí mi ò lè dákẹ́ lé lórí. Ẹ̀dà fáìlì yẹn, tòun ti nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì àti gbèsè gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, wà lórí WhatsApp àwọn èèyàn bí i mélòó kan, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ síra wọn fún ìpàdé. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní June 2023 kò yọ ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ pé kó máa ṣe bó ṣe wù ú. A jókòó yí ká, kálukú pa ẹ̀dà tirẹ̀ rẹ́ lójú ẹnìkejì. Ẹnìkan sọ pé òun ti pa á rẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò tíì pa á rẹ́.

Ohun tí fáìlì náà fi pamọ́

Kí a tó kó ohunkóhun, a ka fáìlì náà lópòó-lópòó. Òdo ni mo kọ́kọ́ wá, torí tí èèyàn bá tẹ 0803 sínú Excel láìsọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni, yóò gé òdo iwájú dànù, yóò sì kọ 803. Ti fóònù rọrùn láti tún ṣe: nọ́ńbà wa jẹ́ òǹkà mọ́kànlá, nítorí náà èyí tó bá ku mẹ́wàá tó sì fi 7, 8 tàbí 9 bẹ̀rẹ̀, òdo rẹ̀ ló sọnù. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì gba ìṣọ́ra ju ìyẹn lọ. NUBAN, ìyẹn ìlànà nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ní Nàìjíríà, jẹ́ òǹkà mẹ́wàá. Èyí tó bá ku mẹ́sàn-án tàbí mẹ́jọ, a lè dá òdo padà síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fo òǹkà kan láàárín. Ó ṣe wá lóore pé òǹkà kẹwàá nínú NUBAN wà fún àyẹ̀wò: láti inú nọ́ńbà báǹkì àti mẹ́sàn-án ìṣáájú ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Èyí tí ìṣirò rẹ̀ kò bá jáde, a pe olówó.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà yẹn ń ka ọjọ́ bí ará Amẹ́ríkà, oṣù ṣáájú ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ bí ará Nàìjíríà. Nígbà tó tẹ 06/05/2017, ọjọ́ kẹfà oṣù May ló ní lọ́kàn. Ọjọ́ karùn-ún oṣù June ni ẹ̀rọ gbà. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá 12, ẹ̀rọ kò rí oṣù tó jọ ọ́, ó fi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Béèyàn bá wo òpó náà, ó máa rí i kedere: àwọn kan fara ti ògiri òsì, àwọn kan fara ti ọ̀tún. Àwọn ti òsì ni ọ̀rọ̀ lásán, wọ́n sì tọ̀nà. Àwọn ti ọ̀tún ni ẹ̀rọ gbà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́, àwọn yẹn ló sì ti dojú dé.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù ni ẹgbẹ́ ń gba owó, ìyẹn ni pé ọjọ́ owó wọn kì í kọjá 7, kò sì sí èyí tí ẹ̀rọ kò lè ṣì kà. Ṣùgbọ́n Sátidé náà ló tún yọ wá. Ọjọ́ kẹfà oṣù May 2017 bọ́ sí Sátidé. Ọjọ́ karùn-ún oṣù June ọdún kan náà bọ́ sí Mọ́ńdè. A ní kí ẹ̀rọ yí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wò; bí èyí tó wà níbẹ̀ kò bá jẹ́ Sátidé, tí èyí tí a yí sì jẹ́ Sátidé àkọ́kọ́, kó gba èyí tí a yí. Ìwọ̀nba tí kò ṣe é, gbèsè tí wọ́n wá san láàárín ọ̀sẹ̀ ni, rìsíìtì wà fún wọn.

Orúkọ wá fi Yorùbá hàn wá. Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé fẹ́ràn àmì lórí orúkọ, kì í kọ Olayemi fún ẹni tó ń jẹ́ Ọláyẹmí. Ṣùgbọ́n CSV tí Excel àtijọ́ yẹn ń ṣe kò mọ Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Nínú ìdánwò, Ọláyẹmí jáde bí ?láy?mí. Àmì ìbéèrè yẹn kò ṣeé tún yí padà, torí ẹ̀rọ kò rántí bóyá ọ ló wà níbẹ̀ tàbí ṣ. A ní láti fi ètò mìíràn ṣí fáìlì náà, ká tọ́jú rẹ̀ bí UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ Unicode sínú fáìlì, kí CSV tó jáde. Ìyẹn nìkan kọ́: ọ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1ECD, ó sì lè jẹ́ o lásán pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró, U+0323. Lójú èèyàn ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni. A sọ gbogbo wọn di irú kan, ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC. Níbi mìíràn, e lásán ló tẹ̀ tó wá fi ìlà sí nísàlẹ̀. Ìlà yẹn àti àwọ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọn kì í bá dátà rìn.

Ti àwọ̀, mo ní kí ó jókòó tì mí. Ó ń sọ ìtumọ̀, mò ń kọ ọ́ sí òpó tuntun tí a pè ní "ipò": ó wà, ó jẹ gbèsè, ó ti kúrò, ó ti kú. A rí àwọ̀ búlúù kan níbì kan. Ó wò ó títí. Ó ní òun kò rántí ohun tó túmọ̀ sí mọ́.

Òǹkà pé, owó pé, síbẹ̀ kò tọ̀nà

Ó yẹ kí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ ohun tí a ó fi dá kálukú mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjì ló para pọ̀ di ọ̀kan nígbà kan rí. Ọ̀kan ń kọ 147, èkejì ń kọ 0147, Excel sì ti sọ méjèèjì di 147. Nọ́ńbà yẹn ti kú. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé orúkọ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù la ó lò: tí méjèèjì bá bára mu, èèyàn kan ni.

A kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀dà ìdánwò ètò tuntun. Ọmọ ẹgbẹ́ la kọ́kọ́ kó, kí gbèsè tó tẹ̀lé wọn, torí gbèsè ní láti rí ẹni tó jẹ ẹ́ nílẹ̀, ó sì ní láti rí onídùúró rẹ̀ méjèèjì. Ibẹ̀ la ti rí i pé onídùúró gbèsè kan ti di olóògbé. Ètò tuntun kò fẹ́ gbà á wọlé. Mo lè fi ọgbọ́n ẹ̀rọ yí i mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e fún ìgbìmọ̀, wọ́n sì ní kí ẹni tó jẹ gbèsè wá onídùúró mìíràn kí oṣù tó parí. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti dátà.

Lẹ́yìn náà la ro owó. Àpapọ̀ owó ìfipamọ́ nínú lẹ́jà àti nínú ètò tuntun ṣe déédéé dórí kọ́bọ̀. Iye ọmọ ẹgbẹ́ ṣe déédéé. Àpapọ̀ gbèsè ṣe déédéé. Akọ̀wé pa kọ̀ǹpútà dé, ó ní ká lọ jẹ àmàlà.

Ètò wa ni pé, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù October, gbogbo ẹni tó bá wá san owó yóò mú pásíbúùkù rẹ̀ dání, a ó sì fún un ní ìwé pélébé kan tí iye tó wà nínú ètò tuntun wà lórí rẹ̀, kó fi wé tirẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní àṣejù ni, nígbà tí àpapọ̀ ti pé. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Alhaja kan tó ń ta ata ní Ìgbọ́nà gba ìwé pélébé tirẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sójú, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ ṣé o. Ẹ bá mi fi kún un." Pásíbúùkù rẹ̀ ní ₦62,000. Ìwé pélébé ní ₦197,500.

Màmá akápò ṣí lẹ́jà. Ó fi ìka tọ ìlà náà lọ, ó dúró, ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni," ló wí. Ìyàwó náà ní ₦135,500. Orúkọ kan náà ni òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, orúkọ ẹbí ti di ọ̀kan nípasẹ̀ ọkọ, nọ́ńbà fóònù kan náà ni wọ́n sì fi sílẹ̀, torí Alhaja kì í lo fóònù, ìyàwó ló ń gba ìròyìn owó fún un. Nínú ilé wọn, orúkọ yẹn kì í kó ìdààmú bá ẹnikẹ́ni. Ìyàwó kò jẹ́ pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn ará ilé sì ń pe òun náà ní Ìyàwó. Ètò wa nìkan ló rí orúkọ méjì tó dọ́gba tó so wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè tó wá gbalẹ̀ ni pé báwo ni iye ọmọ ẹgbẹ́ ṣe pé nígbà náà, tí èèyàn méjì ti di ẹyọ kan. A wá a títí a fi rí awakọ̀ kan tó forúkọ sílẹ̀ bíi Musiliu nígbà tó wọ ẹgbẹ́, tó wá di Muslihudeen pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tuntun nígbà tó fẹ́ yáwó. Òun nìkan ti di èèyàn méjì. Ọ̀kan dín, ọ̀kan lé, òǹkà pé. Àpapọ̀ owó kò lè fi èyí hàn láéláé, torí kò sí kọ́bọ̀ kan tó kúrò nínú ẹgbẹ́. Àpò ẹlòmíràn ló bọ́ sí. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ "àṣejù" lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tí kò wá ní Sátidé, Màmá akápò rán ọmọ lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbìmọ̀ fún kálukú ní nọ́ńbà tuntun, tó fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ kí Excel má baà rí òdo gé, òun la sì fi kó dátà láti ìgbà náà.

Ìparí October

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31, ni oṣù parí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a ti fáìlì Excel pa, kó jẹ́ wíwò nìkan. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan kúrò nínú ọ́fíìsì lọ sílé alága, mo sì ṣí ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ó tó lọ. Ẹ̀dà tí èèyàn kò tíì ṣí wò, ìrètí lásán ni. Owó tí wọ́n bá gbà ní Sátidé, orí rìsíìtì àti lẹ́jà ni kó wà. Ní Mọ́ńdè ni kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ètò tó bá borí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni ìgbìmọ̀ yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí owó bá fi kọ́bọ̀ kan yàtọ̀, tàbí tí pásíbúùkù kan nínú àwọn tí a yàn fún àyẹ̀wò kò bá bára mu láìnídìí, Excel la ó padà sí, a ó di November mú.

Iná lọ ní alẹ́ Fráídè, nígbà tí gbèsè ń wọlé lọ́wọ́, bátìrì ínfátà kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó kú. Akọ̀wé di orí mú. Ṣùgbọ́n a ti so gbogbo ìkówọlé náà pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo: kí gbogbo rẹ̀ wọlé, tàbí kí nǹkan kan má wọlé. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbà, tí kọ̀ǹpútà tàn, gbèsè inú rẹ̀ jẹ́ òfo. Òfo yẹn dára gan-an, torí èyí tó bá wọlé dé ìdajì ni èèyàn kò ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. A tún un kó látòkè.

Sọ́ńdè, aago mẹ́rin kò tíì lù tí wọ́n fi ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìṣòro tó ṣẹ́ kù yọjú ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì sí nínú dátà. Tíṣà kan yá ₦200,000 fún ọdún kan. Èlé ẹgbẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì máa ń ṣírò rẹ̀ lórí owó ìbẹ̀rẹ̀: ₦20,000, kí ó wá máa san ₦18,333.33 lóṣù. Ètò tuntun kọ ₦17,583. Lórí gbèsè tó ṣẹ́ kù lóṣooṣù ni ètò náà ń ṣírò èlé, àpapọ̀ èlé rẹ̀ kò sì pé ₦11,000. Tíṣà kò ráhùn, inú rẹ̀ dùn ni. Màmá akápò ló rí i, torí èlé yẹn ni wọ́n ń pín lópin ọdún. Báǹkì TSB nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́gbọ́n yìí lọ́nà tó le: ní April 2018 dátà àwọn oníbàárà wọn kọjá sórí ètò tuntun láìsí àbùkù, ètò náà ni kò gbé e, àwọn aláṣẹ sì bu owó ìtanràn tó jẹ́ £48.65 mílíọ̀nù lé wọn ní December 2022. Níbi tiwa, ìgbìmọ̀ dá ìṣirò àtijọ́ padà sórí gbogbo gbèsè. Màmá tún ní ká wo kọ́bọ̀: ₦18,333.33 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦219,999.96, kọ́bọ̀ mẹ́rin dín. Oṣù tó kẹ́yìn ló ń san án báyìí. Bóyá kí àwọn tó ń yáwó tuntun máa lo ìṣirò kejì, àwọn tíṣà ti kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, ìpàdé gbogbogbò ló ni ín.

Màmá akápò ṣì kọ lẹ́jà títí December fi parí, ní ẹ̀gbẹ́ ètò tuntun, a sì ń fi méjèèjì wé ara wọn ní gbogbo ìparí oṣù. Ní January ó fa ìlà méjì sábẹ́ ojú ewé, ó buwọ́ lù ú, alága náà buwọ́ lù ú. Fáìlì Excel wà lórí díìsìkì, pẹ̀lú lẹ́jà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí ẹni méjì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ó ku àwọn tí àwọ̀ wọn jẹ́ ewé, tí fóònù wọn kò lọ mọ́, tí kò sẹ́ni tó mọ ilé wọn. A kò pa wọ́n rẹ́, a kò sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ owó ẹgbẹ́. Àkáǹtì kan wà fún wọn lọ́tọ̀ nínú ètò tuntun, orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀. Wọ́n lẹ orúkọ náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì, wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan ti ti Ìkìrun wá pẹ̀lú pásíbúùkù tí omi ti bà jẹ́, iye tó wà níbẹ̀ sì bá ti ètò mu, wọ́n san án fún un lọ́jọ́ náà. Ti àwọn yòókù ṣì wà nílẹ̀. Ìpàdé gbogbogbò náà ló máa sọ iye ọdún tí ẹgbẹ́ yóò fi dúró dè wọ́n.